Àlàáfíà Ni Gbogbo Arúgbó Ìsọlọ̀ Wà

Ẹ wá wo Adéyẹyè, Ìwé-kúnrí-ọgbọ́n-ò-ráàyè. Lọ́dún tí owó epo ń ṣàn, tí gbogbo ẹni tó ní dígírì ń wá mọ́tò, Lọ́ńdọ̀nù ni tirẹ̀. Ilé-iṣẹ́ olóògùn kan ti ṣèlérí fún un: bó bá fi hàn pé oògùn àwọn ń mú ara arúgbó yá gágá, yóò lọ jábọ̀ lọ́hùn-ún. Èmi náà ní dígírì. Mo fi ń bá a gbé báàgì.

A ṣa àwọn arúgbó láti Oṣòdì dé Ìsọlọ̀, a pín wọn sí méjì: àwọn kan yóò lo oògùn, àwọn yòókù kò ní í lo nǹkan kan. Ṣùgbọ́n a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ bí ara oníkálukú ṣe rí.

Ìyá Kúnbi, ọ̀kan nínú àwọn tí yóò lo oògùn, fi ọ̀pá méjì jáde sí wa.

“Orúnkún yín ńkọ́, Mà?”

“Àlàáfíà ni.”

“Ojú ńkọ́?”

“A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ta ni bàbá ẹ?”

Adéyẹyè kọ ọ́ sílẹ̀: kò sí àìsàn.

“Ọ̀pá méjì ńkọ́?” ni mo bi í.

“Ohun tí wọ́n bá sọ là ń kọ. Sáyẹ́ǹsì nìyẹn.”

Mo mi orí bí ọlọ́gbọ́n. Bẹ́ẹ̀ náà ni gbogbo wọn dáhùn.

Ní gbogbo Sátidé la ń gbé oògùn lọ fún àwọn tó ń lò ó. A di ọmọ ilé. Nígbà tí a tún bi wọ́n léèrè, ẹnu là: ẹ̀yìn, orúnkún, ojú tó ń rí àtùpà kan ní méjì. Àwọn tí kò lo oògùn, tí a kò yà kí láti ọjọ́ kìíní títí a fi tún bi wọ́n, ṣì ní àlàáfíà làwọn wà.

Èmi ni mo ṣírò rẹ̀. Ẹni tó ń lọ Lọ́ńdọ̀nù kì í ka ení, èjì. Nínú gbọ̀ngàn ní Ìsọlọ̀, níwájú gbogbo arúgbó, ni Adéyẹyè ti kọ́kọ́ rí èsì náà. Ó kà á síta:

“Àwọn tó lo oògùn… ni àìsàn pọ̀ lára wọn.”

Ọ̀gá Babáṣọlá, aṣojú olóògùn, fò dìde. “Mà, kí ni oògùn wa ṣe yín?”

“Kò ṣe mí ní nǹkan kan, sà,” ni Ìyá Kúnbi wí. “Ara le.” Ló bá fa Adéyẹyè lẹ́wù, ó lóun ń sọ ọ́ sí i létí, gbogbo gbọ̀ngàn sì gbọ́: “Ọkọ mi, orúnkún yẹn ò jẹ́ kí n sùn lánàá. Mi ò kàn fẹ́ sọ ọ́ lójú àjèjì ni.”

Ọ̀gá wo Adéyẹyè. “Lọ́jọ́ tó o kọ́kọ́ bi wọ́n, ṣé wọ́n mọ̀ ọ́ rí?”

“Rárá, sà.”

“Àwọn tí kò lo oògùn, ǹjẹ́ o lọ kí wọn kó o tó tún bi wọ́n?”

“Rárá, sà.”

“Ta ni yóò wá sọ àìsàn rẹ̀ fún ọ? Kò sí Lọ́ńdọ̀nù mọ́.”

Adéyẹyè dọ̀bálẹ̀ gbalaja pẹ̀lú kóòtù àti táì. Àwọn arúgbó bá a bẹ̀bẹ̀: “Ẹ ṣàánú ẹ̀, ọmọ dáadáa ni. Ó máa ń wá kí wa.”

“Ó dáa,” ni Ọ̀gá wí. “Kó máa kí yín lọ.”

Mo rẹ́rìn-ín títí Ọ̀gá fi nawọ́ sí mi: “Ìwọ náà, bá a lọ.”