Áàpù Tó Mọ Ojú Sàlàkọ́ Nìkan

Ẹjọ́ kan dé ààfin Baálẹ̀ àdúgbò wa ní Ìwó lánàá, èmi tí mo kàn lọ kí wọn sì di òǹgbọ́. Haneefah, ọ̀gá ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe áàpù fún àwọn ilé-ìwé, ló pe Sàlàkọ́ òṣìṣẹ́ rẹ̀ lẹ́jọ́.

Ó kúnlẹ̀. "Baba, àwa mẹ́rin la jọ ń kọ áàpù kan, kálukú pẹ̀lú abala tirẹ̀. Orí kọ̀ǹpútà Sàlàkọ́ nìkan ló ti ń ṣeé tò pọ̀ di odindi. Mo ní kó kọ bó ṣe ń tò ó sílẹ̀, kí gbogbo wa máa tẹ̀ lé e lórí kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́. Kò gbà. Ó wá gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ lọ síbi ìgbéyàwó ní Kuta. Ilé-ìwé kan ní Ilé-Ogbó ń retí áàpù yìí lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Bí wọn ò bá rí i, ilé-iṣẹ́ mi parí nìyẹn."

"Sàlàkọ́, kí lo rí sọ?"

Sàlàkọ́ dọ̀bálẹ̀. "Baba, áàpù náà ń tijú ni. Èmi nìkan ni ojú rẹ̀ mọ̀."

"Áàpù ń tijú?"

"Gan-an ni, Baba. Mo sì ti kọ́ wọn bí wọ́n ṣe máa tù ú lójú."

Abdulhafeez, ẹlẹ́rìí kìíní, ọ̀kan nínú àwọn mẹ́rin náà, ní, "Lóòótọ́ ni. Ó ní kí n kọ́kọ́ pa fáànù."

Dárasími, ẹlẹ́rìí kejì, tí òun náà wà nínú wọn, yíjú sí i. "Pa kẹ̀? Tan fáànù ló kọ́ èmi. Ó tún ní kí n ti fèrèsé."

"Èmi, ó ní kí n ṣí i ni."

Sàlàkọ́ ní, "Àwọn méjèèjì ló gbọ́ dáadáa, Baba. Ọjọ́ ló yàtọ̀."

Haneefah yọ bébà kan nínú báàgì. "Ẹ̀bẹ̀ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi gba èyí lọ́wọ́ rẹ̀."

Baálẹ̀ kà á sókè: "Àkọ́kọ́, ẹ pe Sàlàkọ́." Wọ́n yí i wò lódìkejì. "Ìkejì dà?"

"Kò sí ìkejì, Baba."

Ẹ̀rín pa gbogbo wa, àfi Haneefah tí omi ti lé ròrò sí lójú. Ojú ti èmi náà pé mo rẹ́rìn-ín.

Baálẹ̀ dájọ́. "Ẹnìkan kì í jẹ́ àwá dé. Sàlàkọ́, wàá kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ níbí. Ìyá mi, tó ti lé lọ́gọ́rin ọdún, tí kò fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà rí, ni yóò tò ó lórí kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́. Dárasími á máa ka ìwé rẹ fún wọn. Ìwọ á bu omi sẹ́nu, wàá dúró síbẹ̀. Bí o bá sọ̀rọ̀ tí omi dà, wàá tún ìwé kọ. Ìgbà tí áàpù bá jáde lo tó lọ sílé."

Nígbà tí mo máa fi kúrò níbẹ̀, Sàlàkọ́ ti kọ ojú ewé mẹ́rìnlá. Ìyá àgbà ní òun ṣì ń retí kí ìwé náà sọ ibi tí wọ́n ti ń tan kọ̀ǹpútà.