Àṣẹ Tuntun Lórí Àwọn Ọkùnrin Tí Ara Wọn “Le Koko”

Ẹ gbọ́ o! Ẹ gbọ́ o! Ará Ìdó-Ọ̀kín, tọkùnrin tobìnrin, ẹ dákẹ́ ariwo! Kábíyèsí ló rán Láṣùnmádé akéde sí yín. Wọ́n ní kó má yọ nínú rẹ̀, kó má fi kún un!

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Nọ́ọ̀sì Olúfúnmikẹ́ gbé ìwé káàkiri ìlú. Ó bi ọgọ́rùn-ún ọkùnrin pé ṣé ara le. Mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún ní ó le koko! Àwọn kan wà lórí ẹní tí wọ́n ti sọ ọ́. Àwọn kan di ògiri mú. Ẹnì kan ṣoṣo ló ní ó kù díẹ̀ káàtó: Baba Ọ̀jẹ́wùmí, ẹni ọgọ́rin ọdún. Orí ọ̀pẹ ni baba ti dáhùn!

Kábíyèsí rẹ́rìn-ín títí. Lẹ́yìn náà wọ́n rántí Ògúnrìndé, ọ̀rẹ́ akéde, tó ní ara òun le koko lọ́jọ́ Ajé, tí a sì sin ín ní Ọjọ́bọ̀. Ó ń dun akéde títí dòní.

Nítorí náà, àṣẹ dé! Àṣẹ dé o!

Èkíní: Ọkùnrin tó bá fara ti ògiri, igi tàbí èjìká ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ sọ pé koko. Kò gbọdọ̀!

Èkejì: Èsì ọkọ kò tíì múlẹ̀, àfi tí ìyàwó bá gbọ́ ọ tí kò pòṣé. Bó bá pòṣé lẹ́ẹ̀kan, koko ti di “ó sàn díẹ̀.” Bó bá pòṣé lẹ́ẹ̀mejì, kí ọkọ wá bàtà rẹ̀, ó di ọ̀dọ̀ Nọ́ọ̀sì!

Ẹ̀kẹta: “Ibà lásán ni” kò gbọdọ̀ ju ọjọ́ mẹ́ta lọ. Ìgò àgbo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì kì í ṣe dókítà!

Ẹ̀kẹrin: Ẹ̀yin tí ẹ máa ń dúró láàárín òkè ààfin, tí ẹ ń wojú ọ̀run, tí ẹ ń ní òjò fẹ́ rọ̀. Inú ẹ̀ẹ̀rùn! Kábíyèsí ti rí yín!

Ìyà arúfin rèé: yóò gun òkè ààfin láìdúró, níṣojú àwọn àna rẹ̀. Kò ní dúró kí ẹnikẹ́ni lójú ọ̀nà! Kò ní tún fìlà ṣe!

Ẹ óò máa ṣe kàyéfì pé kí ló dé tí akéde ń ké lábẹ́ igi ọdán láàárín òkè, nígbà tó jẹ́ pé òkè téńté ni baba rẹ̀ ti máa ń ké. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tó ti ń sọ pé ibí ni ohùn ti ń lọ jìnnà jù. Gbogbo ìlú gbà á gbọ́. Morádékẹ́ ìyàwó rẹ̀ nìkan ni kò gbà. Láàárọ̀ yìí, ó lọ sí ààfin. Ó kúnlẹ̀ níwájú Kábíyèsí, ó sì pòṣé lẹ́ẹ̀mejì.

Nítorí náà, orúkọ Láṣùnmádé akéde ló ṣáájú nínú ìwé Nọ́ọ̀sì. Ẹ̀rù ń bà á. Ẹ má rẹ́rìn-ín!

Bí Kábíyèsí ṣe wí nìyẹn, bí akéde ṣe gbọ́ nìyẹn. Kí ará ilé sọ fún ará oko. Ẹ jẹ́ kí akéde mí ná o. Ẹ sì bi í pé ṣé ara le. Ẹ bi í!

Ó ní kò le o.