Ọwọ́ Orville Tackett

Òótọ́ pọ́nbélé ni gbogbo ohun tí ẹ fẹ́ kà yìí. Bí mo bá bu iyọ̀ sí i, kí eyín mi tó ṣẹ́kù já sínú oúnjẹ ọ̀sán.

Orville Tackett ti ìlú Bodine, ní Arkansas, gbà pé kò sí ọwọ́ bíi tòun lábẹ́ ọ̀run. Ó máa ń fi òróró pa á láràárọ̀. Bó bá wọ ṣọ́ọ̀bù, orí káńtà ló máa ń tẹ́ ẹ sí, kí èrò lè rí i dáadáa. Ọlọ́wọ́ ọ̀wọ́n! Afìka-júwe-ọ̀nà-fẹ́ni-tí-ò-sọnù! Ọkùnrin tó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ tán, tó ní kí o má tètè fọ tìrẹ!

"Àwọn tó ń ṣe ìbọn ò ro ti irú ọwọ́ mi," ló máa ń wí. "Ọwọ́ mẹ̀kúnnù ni wọ́n wọ̀n."

Ní Sátidé tó kẹ́yìn oṣù Ògọ́ọ̀sì, ẹgbẹ́ ayìnbọn ìlú náà fẹ́ dìbò yan ẹni tí yóò máa tún èèkù ìbọn, ibi tí ọwọ́ ti ń dì í mú, ṣe fún gbogbo ọmọ ẹgbẹ́. Orville ò fẹ́ nǹkan míì láyé. Ìbò ṣì ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó ti rán jákẹ́ẹ̀tì, tó ní kí wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sẹ́yìn rẹ̀ pé Ọ̀GÁ ÈÈKÙ. Ó tún ti lọ wọn àyè lára ògiri gbọ̀ngán ẹgbẹ́, ibi tí wọn yóò gbé ìbọn rẹ̀ kọ́ sí.

Ó wá ku kó tún ìbọn ìléwọ́ tirẹ̀ ṣe, kó yìn ín lójú gbogbo ẹgbẹ́ kí wọ́n tó dìbò.

Ike ni èèkù ìbọn yẹn, inú rẹ̀ sì ṣófo lápá ẹ̀yìn. Ẹni tó bá fẹ́ fi fáìlì, irin tí wọ́n fi ń ha nǹkan, ha á kó lè bá ọwọ́ mu gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dí ihò náà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ fáìlì á lu ike já. Kí la máa fi dí i? Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà.

Wilma Jean Hargis, alákòóso pápá ìyìnbọn, ti sọ fún un.

"Orville, gọ́ọ̀mù olómi méjì ni kó o rà. Pò ó pọ̀, dà á sí i, fi í sílẹ̀ di ọ̀la. Ó parí."

"Èló ni?"

"Owó bọ́gà méjì."

Orville wo ọwọ́ rẹ̀ síwá, ó wò ó sẹ́yìn. "Wilma Jean, ohun tí gbogbo ayé ń rà kọ́ ni ọwọ́ yìí máa dì mú."

Ó wọ yàrá abẹ́ ilé rẹ̀ lọ. Ó fi àbẹ́là dí i, àbẹ́là sún kì. Ó jí ìyẹ̀fun búrẹ́dì tí Nadine ìyàwó rẹ̀ pò sílẹ̀. Ìyẹn gbẹ, ó sán, eèrà sì tò wá. Ló bá rántí igi páìnì ẹ̀yìnkùlé. Ọ̀fẹ́ ni oje rẹ̀! Ó fi ìkòkò Nadine sè é, ó da èédú lílọ̀ sí i, ó rọ ọ́ sínú ihò. Ó le bí òkúta. Ó fi hámà lù ú, hámà ta padà. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó fi oje yòókù bo gbogbo èèkù náà níta, ó sì tẹ ọwọ́ mọ́ ọn kó tó dì. Ìka máràrún hàn kedere.

Ẹ jẹ́ kí n sọ pé ẹ̀rọ amúlétutù ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru nínú yàrá yẹn, torí Orville ní òógùn kì í jẹ́ kí ọwọ́ òun dán.

"Ṣó o ti gbé e síta wò?" Nadine bi í. "Oòrùn ọdún yìí ń yọ́ ọ̀dà títì o."

"Nadine, ṣé ìta ni wọ́n ti ń ṣe iṣẹ́ ọnà?"

Nígbà tí Sátidé pé, ó gbé ìbọn náà sórí dáṣíbọ́ọ̀dù ọkọ̀ rẹ̀, lábẹ́ gíláàsì, kí àwọn tó ń kọjá lè máa wò ó. Wákàtí méjì ló fi wà níbẹ̀. Nígbà tó kàn án, ó wọ jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀ nínú ooru yẹn, ó di ìbọn mú. Èèkù rọ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́.

"Ó mọ olówó rẹ̀," ni Orville wí.

Ó yin ọta márùn-ún. Àmì tí wọ́n ń yìnbọn sí ò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni wá.

"Yọ ọta," ni Wilma Jean wí, bó ṣe ń wí fún gbogbo ènìyàn. Orville yọ ọ́. "Fi hàn mí pé ó ṣófo." Ó ṣófo. "Dá a padà sápò."

"Mo ṣì ń gbádùn rẹ̀."

"Dá a padà, Orville."

Wilma Jean sún mọ́ ọn. Nǹkan dúdú kan ń yọ jáde láàárín ìka rẹ̀. "Ṣó ti lẹ̀ ni?"

"Kò lẹ̀. Ó fẹ́ràn mi ni." Ó wá fi ọwọ́ òsì gbìyànjú láti ṣí i. Òsì náà lẹ̀.

Òfin pápá náà ò ní ẹ̀bẹ̀: bí ìbọn bá ṣì wà lọ́wọ́ ẹnì kan, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ kúrò níbi tó wà. Ènìyàn méjìdínlọ́gbọ̀n dúró sínú oòrùn bí òpó. Orville kọjú sí òkìtì iyẹ̀pẹ̀ iwájú, ó kọ ẹ̀yìn sí wọn, gbogbo wọn sì ń ka jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀.

Thurman Beasley, ẹni ọgọ́rin ọdún, ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Ẹ jẹ́ ká kúkú dìbò báyìí, kí n tó kú. Ẹni tó bá fẹ́ kí Orville máa tún ìbọn wa ṣe, kó nawọ́ sókè."

Ẹnikẹ́ni ò nawọ́.

"Orville, ìwọ náà ò fẹ́ra ẹ ni?"

Ọwọ́ Orville méjèèjì ò ráyè.

Wilma Jean gba Nadine nìkan láàyè kó rìn. Nadine gbé ìgò mayọnéèsì tó fẹ́ fi po ọ̀dùnkún wá, torí ọ̀rá ló ń tú oje igi, ó ń fi í ra ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́ níka-níka, lójú gbogbo ayé.

"Rọra, Nadine! Ọwọ́ ni o!"

"Mo mọ̀ pé ọwọ́ ni. Èmi náà ní méjì."

Nígbà tó bọ́ tán, wọ́n ṣí oje náà kúrò lára ìbọn, wọ́n gbé e wọ gbọ̀ngán tó tutù. Ó tún le gbagidi, ìka máràrún lára rẹ̀. Ibi tí Orville wọ̀n gan-an ni wọ́n kàn án mọ́. Thurman ki ọwọ́ tirẹ̀ bọ̀ ọ́, ó bá a mu rẹ́gí. Ọmọkùnrin tó gbé yìnyín wá ki tirẹ̀ bọ̀ ọ́, ó bá a mu. Kò sí ọwọ́ tí kò bá a mu nínú ẹgbẹ́ yẹn. Àmọ́ ti Nadine ló wọ̀ ọ́ jù.

Wilma Jean Hargis wà láàyè, ó ṣì ń jókòó lẹ́nu ọ̀nà pápá ìyìnbọn Bodine ní gbogbo Sátidé. Ẹ lọ bi í. Yóò ní kí ẹ kọ́kọ́ wọlé lọ ki ọwọ́ tiyín bọ̀ ọ́ wò.