Ehoro Tí Mo Pọ̀n Wọ Ẹ̀pẹ́

Ọjọ́ tí olóòlà mú abẹ wọ ilé mi l'Ẹ́pẹ́ ò ní kúrò lọ́kàn mi títí wọn ó fi sin mí. Ẹ jẹ́ kí n fẹnu ara mi sọ ọ́, torí àwọn tó ń sọ ọ́ kiri ń fi iyọ̀ sí i.

Ọmọ Ìkòròdú ni mí. Ọkọ mi wà lára àwọn tí ìjà oyè lé kúrò l'Ékòó wá s'Ẹ́pẹ́, ó ń ṣòwò lórí ọ̀sà. Mo ti pẹ́ nílé rẹ̀, mi ò bímọ. Ìyá rẹ̀ kì í jẹ́ kí n kí i tán kó tó wo ikùn mi.

Nígbà tí ìyá mi ṣàìsàn, mo lọ tọ́jú rẹ̀ n'Ìkòròdú, mo sì pẹ́ níbẹ̀ gan-an. Ẹ̀gbọ́n mi bá mú ọmọ ehoro kan tí kò ní ìyá mọ́ bọ̀ láti oko. Omi ẹ̀kọ ni mo fi tọ́ ọ dàgbà. Bí mo bá jókòó, á wá sùn lẹ́sẹ̀ mi. Ẹ fẹ́ rẹ́rìn-ín, mo mọ̀. Ẹni tí kò ní ọmọ, ohun tó bá rí ni yóò tọ́.

Ìgbà tí mo fẹ́ padà s'Ẹ́pẹ́ ni kókó kan yọ sí i lábẹ́ àgbọ̀n, ó tóbi tó ẹyin awó. Òtútù mú lórí omi láàárọ̀ ọjọ́ náà, ehoro ń gbọ̀n nínú ọkọ̀. Ọgbọ́n orí mi sọ fún mi pé kí n fi aṣọ wé e, kí n pọ̀n ọ́n. Báyìí ni mo ṣe sọ̀ sí èbúté Ẹ̀pẹ́. Àwọn obìnrin tó ń yan ẹja wo ẹ̀yìn mi, wọ́n wo ara wọn, wọn ò sọ nǹkan kan. Ohun tí a ti ń retí fún ọdún gbọọrọ, wọn kì í tètè fẹnu kàn án, kó má baà bàjẹ́.

Ní ọjọ́ kejì mo ránṣẹ́ sí olóòlà, bàbá àgbà tó ń dábẹ́ fún ọmọ gbogbo àdúgbò, torí mi ò mọ ẹlòmíràn tó lè gé ẹran ara kó má pa á. Ó jókòó, ó yọ abẹ.

“Ọmọ náà dà?”

Mo ṣí agbọ̀n tí mo tẹ́ ehoro sí. Bàbá wò ó títí.

“Mo ti fi abẹ yìí kan ọmọ ọlọ́lá, mo fi kan ọmọ ẹrú. Mi ò tíì fi kan ẹlẹ́tí báyìí rí.”

“Bàbá, ẹ dákun. Òun nìkan ni mo ní.”

Ó fọwọ́ tẹ kókó náà. “Ọ̀rá lásán ni. Kò ní pa á, àmọ́ bó bá tún tóbi sí i, kò ní jẹ́ kó lè jẹun. Dì í mú.”

Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ ehoro, ẹ gbọ́: ehoro kì í ké. Ṣùgbọ́n bí ìrora bá dé bá a, bí ọmọ ìkókó ló ń ké. Bí abẹ ṣe kàn án, ó ké. Gbogbo àgbàlá gbọ́.

Kí n tó fọ ẹ̀jẹ̀ kúrò lọ́wọ́, ilé ti kún. Ìyá ọkọ mi ló ṣáájú, ó gbé igbá ìgbín tí wọn ó fi omi rẹ̀ sí ojú egbò ọmọ. Ó kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. “Alihamudulilai. Gbé ọkọ mi fún mi kí n rí i.”

“Ìyá, kì í ṣe ọmọ.”

Etí méjèèjì sì yọ láti inú agbọ̀n.

Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín, làwọn yòókù bá gbà á. Àwọn kan rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di ògiri mú. Ìyá ọkọ mi ò rẹ́rìn-ín. Ó dìde, ó fọ́ ìdí ìgbín, ó kán omi rẹ̀ sí ọrùn ehoro náà.

“Mo ti gbé e wá ná,” ó ní. “Egbò ni egbò.” Ó nu ojú rẹ̀. “Àánú rẹ ṣe mí, ìyàwó. Ṣùgbọ́n àánú ọmọ mi ń ṣe mí jù.”

Ọkọ mi dé nírọ̀lẹ́. Àwọn apẹja ti pàdé rẹ̀ lórí ọ̀sà, wọ́n ti bá a yọ̀. Àgbò ló gbé bọ̀. Ó wo inú agbọ̀n, ó so àgbò mọ́ òpó, kò jẹun.

Ehoro mi san. Àgbò náà sanra. Òun ni wọ́n pa nígbà tí wọ́n so yìgì ìyàwó tuntun.

Ìyàwó tuntun bí ọkùnrin. Nígbà tí olóòlà tún dé, ta ni wọ́n ní kó wá tọ́jú egbò? Èmi ni. “Ó ti mọ́ ọ lọ́wọ́,” ni ìyá ọkọ mi wí, kò sì fi ṣe mí ní yẹ̀yẹ́. Mo kán omi ìgbín, ọmọ náà ké, ehoro mi sì na etí láti ẹ̀yìnkùlé bí ẹni pé ó mọ ohùn ara rẹ̀. Ẹ̀rín ni mo rín. Omijé bá a jáde, mo sì ní èéfín ni.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ kò pọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ràn nǹkan, ẹ fọwọ́ gbé e. Ẹ má pọ̀n ọ́n.