Yàrá Báńkì

Ìyá Àdìjátù kò jà, kò pariwo. Ó kàn palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́ lásìkò ebè, ó lọ sílé bàbá rẹ̀ ní Adó-Àwáyè, ó ní òun kò ní padà sí Ogbooro àfi bí yàrá bá wà fún òun. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà ò ṣeé gbé mì mọ́, Bàbá Àdìjátù ránṣẹ́ sí àwọn tó ń yáni lówó lórí ilé ní Ṣakí. Wọ́n rán Níkẹ́ sí i, ọ̀dọ́bìnrin kan tó wọ kóòtù nínú oòrùn oṣù kejì. Kí Ọlọ́run má fún wa ní iṣẹ́ tó ń wọni ní kóòtù lásìkò kajú.

Wọ́n jókòó síwájú ilé. Níkẹ́ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Bàbá, wọ́n ní ẹ fẹ́ yá owó lórí ilé yín."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ànǹtí. Yàrá kan ni mo fẹ́ kọ́ mọ́ ọn lẹ́yìn, kí ìyàwó mi lè wálé. Ìyàwó ni mo ń wá o, owó kọ́."

"Ṣé ẹnikẹ́ni ti yá yín lówó lórí ẹ̀ tẹ́lẹ̀?"

"Báńkì kan ní Ìsẹ́yìn ni. Lọ́dún tí ìjì ká òrùlé mi lọ, owó wọn ni mo fi kan páànù yìí. Mo ń san án, n kò fo oṣù kan rí."

"Ìyẹn ò dí wa lọ́wọ́. Tiwa ló máa jẹ́ ìdógò kejì."

Bàbá Àdìjátù fi ọwọ́ pa irùngbọ̀n. Ọ̀rọ̀ "kejì" yẹn kò wọ̀ ọ́ létí, àmọ́ ó rántí Adó-Àwáyè.

"Ilé kan náà, a lè fi dógò lẹ́ẹ̀mejì?"

"Dáadáa. Gbèsè Ìsẹ́yìn kò tó ìdajì iye owó tí wọ́n lè ta ilé yín. Ìdajì tó kù, tiyín ni. Òun lẹ máa fi yá tiwa."

"Ìdajì wo? Èyí tó kọjú sí títì ni, àbí èyí tó kọjú sí ilé ìdáná?"

"Kò kọjú síbì kankan, Bàbá. Iye owó rẹ̀ ni mò ń sọ."

"Ó dáa. Bí n kò bá wá rí i san ńkọ́?"

"Wọ́n á ta ilé. Ìsẹ́yìn á kọ́kọ́ mú tirẹ̀, àwa á mú tiwa nínú èyí tó bá kù."

"Ó ti yé mi. Ìsẹ́yìn ni ìyálé, ẹ̀yin ni ìyàwó kékeré."

"Ẹ lè pè é bẹ́ẹ̀."

"Kò sì ní bí yín nínú pé ìyálé ló máa kọ́kọ́ bu ẹran?"

"Ó ń bí wa nínú. Ìdí ẹ̀ nìyẹn tí èlé wa fi ju tiwọn lọ."

Bàbá Àdìjátù mi orí. Ó ti gbọ́ owó orí, ó ti gbọ́ owó ìṣákọ́lẹ̀, kò tíì gbọ́ owó ìbínú rí.

"Bí kajú bá ta dáadáa, ṣé mo lè san gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí n sinmi?"

"Ẹ lè san án. Àmọ́ a máa gba díẹ̀ lé e, torí pé ẹ tètè san."

"Ìyẹn náà ń bí yín nínú."

"Díẹ̀."

"Kò burú." Ó nàka sí ilé. "Yàrá wo wá lẹ̀yin máa mú?"

"Yàrá kí ni?"

"Èyí tí ẹ máa gbé. Mẹ́rin ni mo ní. Báńkì Ìsẹ́yìn wà nínú ìkíní, èyí tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí jù. Èmi wà nínú ìkejì, àwọn ọmọ wà nínú ìkẹta, iṣu wà nínú ìkẹrin. Bí ẹ bá lè fara mọ́ iṣu, ẹ wọlé."

Níkẹ́ rọra gbé bírò rẹ̀ sílẹ̀.

"Báńkì Ìsẹ́yìn ń gbé ilé yín?"

"Kò tíì dé."

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ọdún ìjì."

Bàbá Àdìjátù yọ kọ́kọ́rọ́ lápò, ó ṣílẹ̀kùn hàn án. Wọ́n ti tẹ́ ibùsùn, wọ́n ti ká ẹní tuntun sí ẹ̀gbẹ́ ògiri. Garawa wà níbẹ̀, bútà àlùwàlá náà wà níbẹ̀.

"N kò mọ̀ bóyá Mùsùlùmí ni báńkì náà," ló wí. "Bí kì í bá ṣe Mùsùlùmí, á fi bútà bọ́jú."

"Bàbá, ta ló ní kí ẹ ṣe èyí?"

"Ṣé ó yẹ kí ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ọ́ ni? Nígbà tí bàbá mi fi oko kajú dógò lọ́wọ́ Ṣùkúrù, Ṣùkúrù ló ń ká kajú títí a fi san owó ẹ̀. Kajú kan já lù mí lórí nínú oko yẹn, mo gbé e lọ fún un nílé. Ohun tí a bá fi dógò, ẹni tó gbà á ló ń lò ó. Èmi wá fi ilé dógò. Ṣé kí n wá máa jalè nínú ilé ara mi?"

"Ta ló ni yàrá yìí tẹ́lẹ̀?"

"Ìyá Àdìjátù."

"Níbo ló wá ń sùn?"

"Ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó fara dà á títí ewúrẹ́ fi bímọ sí i lẹ́sẹ̀."

"Kò lè sùn nínú yàrá tiyín ni?"

"Mo máa ń hanrun. Ó ní ewúrẹ́ sàn."

Níkẹ́ jókòó sí bèbè ibùsùn, ó tún tètè dìde bí ẹni tó jókòó sórí ohun olóhun.

"Bàbá, báńkì kì í wá sùn nílé ẹnikẹ́ni. Bí ẹ bá ṣáà ti ń san owó wọn déédéé, ẹ̀yin lẹ ni ìlò gbogbo yàrá yín. Bó ṣe wà látìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ẹ ò nílò owó wa rárá. Ẹ pe ìyàwó yín kó padà sí yàrá rẹ̀."

Inú Bàbá Àdìjátù dùn, ó dùn gan-an. Ìgbà tó wá ro bí òun yóò ṣe sọ ọ́ létí ìyàwó rẹ̀, ọkàn rẹ̀ já.

"Kí n sọ kí ni fún un?"

"Òótọ́ ni kí ẹ sọ. Pé báńkì ò ní í wá."

"Ànǹtí, ẹ ò tíì lọ́kọ."

"N kò tíì lọ́kọ."

"Mo mọ̀. Bí mo bá sọ fún Ìyá Àdìjátù pé kò sẹ́ni tó ń bọ̀, pé òun kàn ń bá ewúrẹ́ sùn lásán ni, Adó-Àwáyè ni yóò darúgbó sí. Ṣùgbọ́n bó bá gbọ́ pé mo lé báńkì jáde nítorí tirẹ̀, ọkọ̀ àárọ̀ ọ̀la ló máa wọ̀."

Ó gbé ẹní lé Níkẹ́ lórí, ó fi garawa kọ́ ọ lápá, ó ki bútà bọ inú garawa.

"Kí ni mo fẹ́ fi èyí ṣe, Bàbá?"

"Ẹ gba ẹ̀gbẹ́ kànga lọ. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi ń fọṣọ níbẹ̀. Fóònù rẹ̀ kì í kú. Ẹ ò ní sọ nǹkan kan."

"Irọ́ nìyẹn."

"Èwo ni irọ́ níbẹ̀? Báńkì ni yín, inú yàrá lẹ ti jáde, ẹní wà lórí yín."

"Kí wá ni èrè tèmi?"

"Bútà. Tuntun ni."

Níkẹ́ bọ́ sójú ọ̀nà kànga. Kò tíì rìn jìnnà tí èjìká rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Bàbá Àdìjátù sáré tẹ̀ lé e, ó fi ohùn jẹ́jẹ́ bá a sọ̀rọ̀.

"Ànǹtí, ẹ má rẹ́rìn-ín o. Ẹni tí wọ́n lé jáde nílé kì í rẹ́rìn-ín."