Ojúlówó Píjò Olóyè Ọ̀ṣunbíyìí

Bí ẹ bá dé Kábbà, tí ẹ rí ọkùnrin kan tó ń nu ọkọ̀ tí kò dọ̀tí, ẹ má bèèrè orúkọ rẹ̀. Yóò sọ fún yín. Olóyè Ọ̀ṣunbíyìí ni: Ìwé-ìmọ̀-tó-ń-wọ-bàtà, Ẹni-tí-Píjò-ń-kí-kó-tó-gbéra. Òun ló sọ ara rẹ̀ lórúkọ wọ̀nyí. Ó ní ẹni tó bá dúró de aráyé kó tó gba oríkì, aláìlóríkì ni yóò kú.

Ẹgbẹ́ àwọn tó ní ọkọ̀ àtijọ́ wà nílẹ̀ Okun, láti Ìyamoyè dé Makutu. Ọkọ̀ bàbá wọn ni púpọ̀ nínú wọn ń tọ́jú. Ohun tó ń bà wọ́n lẹ́rù ni pé àwọn tó mọ bí ọkọ̀ wọ̀nyí ṣe rí ní tuntun ń kú lọ, mẹkáníìkì ìsinsìnyí sì lè fi iná ọ̀kadà sójú Píjò, kó ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe dá a.

Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi pinnu pé lọ́jọ́ àjọ̀dún wọn, àwọn yóò yan ọkọ̀ kan tí gbogbo nǹkan ara rẹ̀ ṣì jẹ́ ojúlówó. Ọkọ̀ náà ni yóò ṣíwájú yí ìlú ká. Rebecca, ọmọbìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ rédíò ní Lọ́kọ́ja, yóò sì gba ohùn ẹni tó ni ín sílẹ̀, kí ọmọ ẹ̀yìn ọ̀la lè mọ òótọ́.

Bí Ọ̀ṣunbíyìí ti gbọ́ èyí, oorun dá lójú rẹ̀. Bí òun kọ́ ló ṣíwájú, ta ni? Ṣùgbọ́n Píjò 404 tirẹ̀ dà bí adìẹ tí wọ́n tu níyẹ̀ẹ́. Sítíárìn katakata, kékeré dúdú kan, ló wà nínú rẹ̀, àpótí ìjókòó ló sì fi ṣe àga. Ẹlòmíràn ì bá náwó sí i. Ọ̀ṣunbíyìí kì í náwó. Ẹnu ló máa ń ná.

Ó kọ́kọ́ lọ sí Ìyamoyè, sọ́dọ̀ Màmá Fẹ́yìsetán, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ tó ti fẹ̀yìn tì. Píjò ni ọkọ̀ bàbá Màmá yìí, ẹnikẹ́ni kò sì pààrọ̀ nǹkan kan lára rẹ̀ rí. Ọ̀ṣunbíyìí kí i ní okun o, bí wọ́n ṣe ń kíra wọn níbẹ̀, ó jẹ iyán tán, ó yí ọkọ̀ náà po, ó sì mí kanlẹ̀ bí ẹni tó débi òkú.

“Màmá, ta ló fi sítíárìn yìí sí i?”

“Ó bá a wá ni. Òun ni bàbá mi fi wà á títí tó fi kú.”

“Wọ́n tan bàbá. Ayédèrú ni. Ti ojúlówó kéré, ó sì dúdú. Bí Rebecca bá rí èyí, ìtìjú gbogbo ẹgbẹ́ ni. Ẹ jẹ́ kí n bá yín kó ìdọ̀tí yìí dànù.”

Ó ń ṣe Màmá bíi kó jiyàn, àmọ́ ó rò ó pé odindi Olóyè kò ní torí sítíárìn purọ́. Ó jẹ́ kó mú un lọ, kó sì fi kékeré dúdú tirẹ̀ rọ́pò rẹ̀.

Ní Ògìdì, ó sọ fún Bámigbóyè oníṣu pé Píjò gidi kì í ní àga tó ní sípíríìnì, pákó ni wọ́n ń jókòó lé. Ó bá a kó àga iwájú náà dànù. Níbòmíràn, ó bá wọn kó dígí dànù, ó bá wọn kó iná ẹ̀yìn dànù. Ìdọ̀tí ayé ń wọ abẹ́ táńpólì nílé Ọ̀ṣunbíyìí, adìẹ sì ń hu ìyẹ́.

Ọjọ́ pé. Ní pápá ilé ìwé ní Kábbà, Olóyè ká táńpólì kúrò. Píjò náà ń dán bí eyín ìyàwó. Àwọn tó ń ṣàyẹ̀wò kò lọ jìnnà kí wọ́n tó yàn án, torí kí ni wọn ì bá yàn? Àwọn tó kù jókòó lórí pákó bí ẹni tó wá jẹ́jọ́. Rebecca na máìkì, ó ní kí Olóyè tọ́ka sí nǹkan ara ọkọ̀ náà lọ́kọ̀ọ̀kan.

“Ẹ wo sítíárìn yìí,” ni Ọ̀ṣunbíyìí wí. “Ó fẹ̀ bí ẹnu agbọ̀n. Bí ẹ bá rí kékeré dúdú, ẹ sá fún un. Ayédèrú ni.”

“Olóyè, ẹ tún un sọ,” ni Màmá Fẹ́yìsetán wí láàárín èrò.

Inú Ọ̀ṣunbíyìí dùn pé àgbàlagbà ṣì ń fẹ́ kẹ́kọ̀ọ́. Ó tún un sọ, ó tilẹ̀ gbóhùn sókè. Ó wá kan àga. Ó tẹ̀ ẹ́, àga ta padà. Bámigbóyè, tí ìdí ṣì ń dùn nítorí pákó, bèèrè pé ṣé wọn kì í sọ pé ojúlówó kì í ní sípíríìnì.

“Òpè ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ.”

“Òpè náà ni mo ń wò yìí,” ni Bámigbóyè dáhùn.

Nílẹ̀ wa, kò sí obìnrin tó máa yá ará àdúgbò ní ìkòkò fún ìnáwó láìfi ọ̀dà sàmì sí ìdí rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ìyá wa ṣe ka ọkọ̀ sí. Kí bàbá tó gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì ìlú ńlá, ìyá á ti sàmì sẹ́yìn gbogbo ohun tó ṣeé tú. Ọ̀ṣunbíyìí nu ojú gbogbo nǹkan wọ̀nyí, kò yẹ ẹ̀yìn ọ̀kan wò. Ẹni tí kò yá èèyàn níkòkò rí, níbo ni yóò ti mọ̀ pé ìdí ìkòkò ń sọ̀rọ̀?

Màmá Fẹ́yìsetán bẹ̀rẹ̀ wọ inú ọkọ̀, ó pe Rebecca kó wá wo abẹ́ sítíárìn. Àmì ọ̀dà búlúù mẹ́ta tò síbẹ̀.

“Ọwọ́ ìyá mi nìyí.”

Bámigbóyè dojú àga dé, ó rí àmì tiẹ̀. Ni kálukú bá ya bo Píjò bí obìnrin tó wá kó abọ́ lọ́jọ́ kejì ìnáwó. Oníná rí iná, onídígí rí dígí.

Olóyè ní òun kàn ń bá wọn tọ́jú wọn ni.

“Ibi tí ẹ da ìdọ̀tí sí dára o,” ni Màmá wí.

Àwọn kan fẹ́ tú ọkọ̀ náà níbẹ̀. Màmá ní rárá, ará ìlú ti ń dúró lẹ́bàá títì. Ọkọ̀ tí wọ́n yàn ni yóò ṣíwájú, àmọ́ oníǹkan ni yóò jókòó ti nǹkan rẹ̀ títí wọn yóò fi dé, kí kálukú tó tú tirẹ̀ lọ sílé. Òun fúnra rẹ̀ di sítíárìn mú, Bámigbóyè gba àga, onídígí yọ apá síta, ó di dígí rẹ̀ mú. Nígbà tí Ọ̀ṣunbíyìí fi máa ṣílẹ̀kùn, ọkọ̀ ti kún.

Rebecca na máìkì sí i. “Bàbá, èwo wá ni tiyín níbẹ̀?”

Ọ̀ṣunbíyìí tún fìlà rẹ̀ ṣe. “Ẹ̀ńjìnì ni tèmi. Láìsí ẹ̀ńjìnì, kí ni wọn óò fi lọ?”

Wọ́n gbà pé òótọ́ ni. Wọ́n ní kó máa rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ńjìnì rẹ̀. Ó sì ń rìn, agbádá ń fẹ́, ó ń juwọ́ sí èrò, títí wọ́n fi dé iwájú ọjà. Níbẹ̀ ni Píjò wúkọ́, ó tún wúkọ́, ó sì dákẹ́.

Màmá Fẹ́yìsetán yọ orí síta.

“Olóyè, tiwa ń ṣiṣẹ́ o. Tiyín ló kú. Ẹ bọ́ sẹ́yìn, kí ẹ máa tì í.”

Ọjà bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀ṣunbíyìí ká agbádá lé èjìká, ó bọ́ sẹ́yìn, ó ń tì í. Rebecca kò sì pa máìkì. Ohùn Olóyè tí ẹgbẹ́ tọ́jú fún ọmọ ẹ̀yìn ọ̀la nìyẹn: hìì, hìì, hìì, lẹ́yìn ojúlówó Píjò.