Orin tí Ìgè Fi Pa Ìyá Rẹ̀

Ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa á lówe pé ẹyin lohùn, bó bá bọ́, kì í ṣeé kó? Ẹni tó bá fẹ́ sọ fún mi pé òwe náà ti wà kí wọ́n tó bí Ìyá Ìgè, kó lọ mú ẹlẹ́rìí wá ná.

Adìyẹ ni Ìyá Ìgè ń sìn lẹ́yìnkùlé, ẹyin ló sì ń tà. Ìgè, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, ráàpù ló fẹ́ máa ṣe ní tirẹ̀. Ó kó páálí ẹyin ìyá rẹ̀, ó fi bo ògiri yàrá látòkè délẹ̀ kí ariwo ìta má bàa wọlé, ó wá fẹ́ gba orin rẹ̀ àkọ́kọ́ sílẹ̀.

Àmọ́ gbogbo olórin ráàpù tó mọ̀ ló máa ń ròyìn ìyà tó jẹ wọ́n. Ìyà wo ló jẹ Ìgè? Ẹyin méjì láàárọ̀, ẹyin méjì lálẹ́. Ló bá pa ìyá rẹ̀ sínú orin: "Màámi ti rọ̀run, ilé ti dahoro, èmi nìkan ló kù." Ó kọ ọ́ débi pé àánú ara rẹ̀ ṣe é.

Kí ọjọ́ méjì tó pé, orin náà ti wà lórí fóònù gbogbo ìlú. Kì í ṣe nítorí ohùn Ìgè o. Lẹ́yìn "èmi nìkan ló kù", bí èèyàn bá dákẹ́ dáadáa, á gbọ́ ohùn obìnrin kan lábẹ́ ìlù, ó jìnnà, ó ń fà: "Ìgè... Ìgè... oúnjẹ ti tutù."

Èmi àti ẹ̀yin mọ̀ pé ìyá rẹ̀ ló pè é láti ilé ìdáná. Páálí ẹyin ò lè dínà ohùn ìyá. Ará ìlú ò mọ̀.

"Ṣé ohun tí wọ́n ń jẹ lájùlé ọ̀run ló fẹ́ kó wá bá òun jẹ ni?" ni Bàbá Kàmọ́rù télọ̀ béèrè, ó sì ti fóònù rẹ̀ mọ́nú àpótí. Àwọn tó rí Ìyá Ìgè lánàá ní àkúdàáyà làwọn rí.

Lọ́jọ́ Ajé, ìyá gbé ẹyin jáde. Ilẹ̀kùn ń tì níwájú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Oníbàárà rẹ̀ láti ọdún mẹ́wàá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń wò ó bóyá ẹsẹ̀ rẹ̀ kanlẹ̀.

"Ìyá Ìgè, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa lọ síbi tí wọn ò ti mọ̀ yín."

Ìyá gbé ẹyin padà sílé láìta ẹyọ kan. Ó jókòó, ó ń fọwọ́ pa apá ara rẹ̀. "Ìgè, bá mi fọwọ́ kàn án. Ṣé ara mi tutù ni?"

Ojú ti Ìgè, ọkàn rẹ̀ sì gbọgbẹ́. Ó pa orin náà rẹ́, ó kọ òmíràn: "Irọ́ ni mo pa, màámi wà láàyè." Àwọn tó gbọ́ ọ mirí. Wọ́n ní òkú ti ń ti ẹnu ọmọ sọ̀rọ̀. Orin àkọ́kọ́ ò sì kúrò lórí fóònù àwọn ará ìlú. Bí Ìgè bá dé ọ̀dọ̀ onígbàjámọ̀, ìyá rẹ̀ ń pè é. Bó bá yà sọ́dọ̀ mẹkáníìkì, ó ń pè é. Kò lè jẹun mọ́.

Lọ́sàn-án gangan ọjọ́ kan, ó wà nínú yàrá rẹ̀, ó gbọ́ ọ: "Ìgè... Ìgè... oúnjẹ ti tutù." Ó wo fóònù rẹ̀. Fóònù náà ti kú, kò sí iná nínú rẹ̀. Gbogbo irun ara rẹ̀ dìde. Kò dáhùn, torí a kì í jẹ́ ìpè ẹni tí a ò rí. Ilẹ̀kùn rọra ṣí. Ẹnìkan dúró síbẹ̀, ó funfun látorí délẹ̀.

"Màámi, ẹ padà sọ́run, ẹ má mú mi lọ!"

Ó fò, ó fẹ́ sá jáde, ó sì kọlu ìyá rẹ̀. Páálí ẹyin mẹ́ta tí ìyá ò rí tà ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, eruku oúnjẹ adìyẹ ló sì bò ó lára. Gbogbo ẹyin náà balẹ̀, wọ́n fọ́ yángá.

Ìyá wo ẹyin, ó wo ọmọ. "Ìgè, ìwọ náà?"

Ìgè kúnlẹ̀ sínú ẹyin, ó ń sunkún, lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ti orin. "Màámi, ẹ má bínú. Ẹ sọ ohun tí mo máa ṣe, mo máa ṣe é."

"Kó ẹyin yẹn. Bó o bá kó o tán tó pé bó ṣe wà, kó o wá lọ sígboro, kó o lọ kó ohùn rẹ."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ṣíbí kó o. Wọ́n ní ó ṣì wà níbẹ̀. Ìdí nìyẹn táwọn àgbà fi ń sọ ọ́ pé ẹyin lohùn, bó bá bọ́, kì í ṣeé kó.